Ọlidé dé, tíṣà kò sinmi! Ojú àwọn olùkọ́ tó ń ka sáńdíwíìṣì ní Ìjagun ń rí tó

Bí ilé-ìwé bá ti palẹ̀ mọ́ fún ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń sọ ni pé ara ti tu àwọn tíṣà nìyẹn. Wọ́n á ní iṣẹ́ wo ló tún kù tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n ṣáà máa jẹun, kí wọ́n máa sùn ni, owó oṣù ń bọ̀. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjagun láàárọ̀ kùtù nínú oṣù August rí. Àwọn obìnrin tó há báàgì ìwé sí abíyá, tí òmíì pọn ọmọ sẹ́yìn, tí irun orí òmíì sì ti ń funfun, àwọn gan-an ni ọmọdé ń pè ní "Àǹtí" láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn náà ló wá ń sáré báyìí kí ìjókòó iwájú má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní kíláàsì.

Ohun tí wọ́n ń pè ní sáńdíwíìṣì nìyẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń há ẹran sáàárín búrẹ́dì méjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n há ẹ̀kọ́ yìí sáàárín táàmù tó parí àti táàmù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé-ìwé fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ ni tiwọn. Láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni lẹ́kíṣọ̀, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe àsáìǹmẹ́ǹtì, kí ilé-ìwé ọmọdé sì tó wọlé padà, ìdánwò ti dé. Ẹni tó bá ti ní NCE tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì, ìyẹn 200 level, ó dín wàhálà kù díẹ̀.

Kí ló ń lé wọn? Owó wà níbẹ̀, ká má parọ́. Olùkọ́ tó ní NCE, ìpele keje ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ní dìgírì sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹjọ. Ẹni tó bá mọ̀ bí ìgbéga ṣe ń falẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà kò ní í fi ìpele kan ṣoṣo yẹn ṣeré. Ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 1993 ni òfin tó dá TRCN sílẹ̀ ti wà, pé ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí kò sì forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní tíṣà. Nígbà tó di ọdún 2004, òfin UBE ka ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba gbọ́dọ̀ bójú tó. Jẹ́lé-ó-sinmi tí àwọn èèyàn kà sí ọ̀rọ̀ àwọn olówó nígbà kan ti di ọ̀rọ̀ òfin. Síbẹ̀, ẹ wo àdúgbò yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ló jẹ́ pé ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n fi sí ìdí àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta, torí pé owó tí yóò gbà kò tó nǹkan. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, tó rí i pé iṣẹ́ náà wu òun, yóò wá gbà pé àfi kí òun náà lọ kàwé.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ABD. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdí tí ọmọ kan fi ń gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, àti bí èèyàn ṣe ń bá òbí tí inú ń bí sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìmọ̀ràn, tí wọ́n ń pè ní káńsẹ́lọ̀, máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tí ilé rẹ̀ kò tòrò. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti máa ń dun ẹlòmíì lọ́kàn. Ẹ rò ó wò ná: tíṣà kan ti ń pe ọmọ kan ní olódo láti ọdún tó kọjá, ó ti nà án nítorí pé kì í dáhùn, ó ti ní kó kúnlẹ̀ nítorí pé kì í da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Ó wá jókòó sí lẹ́kíṣọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ka àmì tí èèyàn fi ń mọ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa, àti ti ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Orúkọ ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Kò sí ìwé-ẹ̀rí tó lè gba pàṣán yẹn padà, àmọ́ ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bọ́ nínú rẹ̀.

Ilé wá ńkọ́? Àfi kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì tún káàánú. Obìnrin tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ, tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Màmá á ní, "Ìyàwó wa, ìwé yìí kò tíì tán ni?" Òun náà á kúnlẹ̀, á ní, "Ó ti kù díẹ̀, mà. Ẹ bá mi fara dà á." Ọkọ mìíràn gbà á tọkàntọkàn, á tiẹ̀ tún máa bá a sanwó ọkọ̀. Òmíì á kàn máa wojú, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, ṣé tíṣà tó kàwé jù lọ ló ń kọ́lé ni?" Oṣù tí owó bá yẹ kó lọ sí yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ni owó ilé-ìwé tiwọn náà ń dé. Àjọ tí wọ́n bá kó ní ọ́fíìsì ló máa ń yọ ọ̀pọ̀ wọn.

Kì í ṣe òní ni irú èyí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gba dìgírì B.Com ti Yunifásítì London lọ́dún 1944 láìfi ẹsẹ̀ kan yunifásítì náà. Ilé ló ti ń kà á, tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí lọ́dún 1976 tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ UPE káàkiri Nàìjíríà. Láàárín ìdààmú yẹn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn dé sí Ìjagun. Lẹ́yìn tí Táí Ṣólàárín, ẹni tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, jáde láyé ní July 1994, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Lọ́dún 2005, nígbà ìjọba Gbenga Daniel, Ìjagun di yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́, TASUED, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì kó lọ sí Ọmù.

Ọdún 2012 ni ẹ̀rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù. Ìjọba Ibikunle Amosun kéde pé òun fẹ́ da TASUED pọ̀ mọ́ yunifásítì Olabisi Onabanjo tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Lọ́dún yẹn kan náà ni àjọ NUC ní kí àwọn yunifásítì dá ètò páàtì-táìmù dúró ná. Ọmọ ọdún méjìdínlógún lè ní òun á tún ìdánwò JAMB ṣe. Ẹni tó ti fi ọlidé mẹ́ta sọfà, tó ti yáwó, tó ti bẹ ìyá ọkọ, kí ni yóò ṣe? Orúkọ ta ni yóò wà lórí sátífíkéètì rẹ̀? Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ìjọba kó ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ náà jẹ, páàtì-táìmù náà sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin tó le sí i. Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì náà lọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn, orúkọ tún yí.

Àwọn kan ṣì ń fojú tín-ín-rín wò wọ́n. Wọ́n á ní, "Sáńdíwíìṣì lásán ni." Apá kan òótọ́ wà níbẹ̀: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sáré kọ́, àyè àtijókòó rò ó kì í pọ̀, àwọn kan sì wà káàkiri tó jẹ́ pé ẹlòmíì ni wọ́n háyà láti bá wọn kọ iṣẹ́ ìwádìí. Èyí kò dáa, ó sì ń ba àwọn tó ń fi òógùn ojú wọn kàwé jẹ́. Àmọ́ ọmọ tó wá láti sẹ́kọ́ńdìrì tààrà, ìgbà tó bá lọ ṣe tíṣìn-práńtíìsì ló máa kọ́kọ́ dúró níwájú ogójì ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ sáńdíwíìṣì ti dúró níwájú wọn fún ọdún mẹ́wàá kó tó gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ wọn, ọjọ́ Fúráídè ni wọ́n máa ń kọ pépà tó kẹ́yìn. Sátidé, wọ́n á fọ aṣọ àwọn ọmọ, wọ́n á ran èyí tó ya. Bó bá di Mọ́ńdè, agogo á lù, wọ́n á tún dúró síwájú ìlà, àwọn ọmọdé á sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàárọ̀, mà!"