Àkàyé Lórí Ẹ̀rọ àti Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Tọ́ Sí Olùkà Yorùbá

Ìwé kíkà kì í ṣe kí ènìyàn kàn máa fi ojú tẹ̀lé lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ka ojú-ewé mẹ́wàá tí kò lè sọ ohun tí ó kà, ojú rẹ̀ ni ó rìn, òye rẹ̀ jókòó sílé. Nítorí èyí ni àwọn olùkọ́ Yorùbá ṣe ń pe ẹ̀kọ́ yìí ní àkàyé: a kà á, ó sì yé ni. Ní Agbowó, tí ó kọjú sí ẹnu-ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé lónìí. Kì í tún ṣe ohun tí olùkọ́ ń rò mọ́ bóyá kí wọ́n kà á níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó rò ni irú ìrànlọ́wọ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe kí ohun tí wọ́n ń kà lè yé wọn.

Ní ọdún 2007, Lynne Anderson-Inman àti Mark Horney ti Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé nípa àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tí a fi ìrànlọ́wọ́ sí nínú. Oríṣi ìrànlọ́wọ́ mọ́kànlá ni wọ́n kà. Òmíràn a máa sọ lẹ́tà di ńlá. Òmíràn a máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó. Òmíràn a máa fi àwòrán hàn. Òmíràn a sì máa bi olùkà léèrè bóyá ohun tí ó kà yé e. Ìwé orí bébà ti ní díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ lè fara pamọ́ títí olùkà yóò fi fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà yóò kọjá lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò dúró bèèrè, ojú kò sì ní tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ti ọmọ tí a tọ́ dàgbà nínú ilé ìgbàlódé ní Bódìjà. Bí ó bá ń ka ìtàn àtijọ́ tí ó sì pàdé àkọ̀dì, ìkòkò aró tàbí ọlọ, ó lè pe ọ̀rọ̀ náà dáradára kí ó má sì rí nǹkan kan lójú inú rẹ̀. Àwòrán kékeré tí ó yọ lábẹ́ ìka rẹ̀ yóò ṣe ohun tí àlàyé gígùn kò lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kan wà tí ó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí nínú èdè Yorùbá, ẹ̀rọ kọ́ ni ó sì dá a sílẹ̀. Àmì ohùn ni, àti àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ wo gbólóhùn kékeré yìí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: O fi owo gba ile. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Bí ó bá jẹ́ Ó fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀, ẹnìkan ń tún àyíká rẹ̀ ṣe ni. Bí ó bá jẹ́ Ó fi owó gba ilé, ẹnìkan ti rí ibùgbé. Bí ó bá jẹ́ Ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí inú máa bí onítọ̀hún. Lẹ́tà kan náà, ìtàn mẹ́ta. Àgbà tí ó gbọ́ Yorùbá láti èwe lè fi ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ọmọ tí èdè náà kò tíì jinlẹ̀ nínú rẹ̀ lè ṣìnà pátápátá.

Ohun tí ó rú olùkà lójú yóò rú ẹ̀rọ lójú pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú kò lè mọ ohùn tí yóò fi pe owo, àfi kí ó máa dá àbá. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ojú-ewé tí a yà láti inú ìwé, tí a sì ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí èkejì, kì í ṣe àkọsílẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Àwòrán lásán ni, àyàfi bí a bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di lẹ́tà.

Kò sí ìdí tí àmì fi gbọdọ̀ sọnù. Àwọn àgbà ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀: ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá wáyé ní Èkó ní 1875, ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde ní Ìbàdàn ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974. Ètò Unicode, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991 kí kọ̀ǹpútà lè mọ lẹ́tà onírúurú èdè, ní ààyè fún gbogbo àmì wọ̀nyí. Kọ́lá Túbọ̀sún, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, dá ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí orúkọ pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó sì gbọ́ bí a ti ń pè é.

Síbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ di ọ̀pá tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá yóò máa fi rìn. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò ní kí ọmọ kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ kan tán láìfọwọ́ kan nǹkan. Lẹ́yìn náà kí ó bèèrè ọ̀rọ̀ tí ó dí i lọ́nà. Ní ìkẹyìn kí ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó kà. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àlàyé àti àwòrán yóò máa dín kù. Àmì ohùn nìkan ni a kò gbọdọ̀ dín, nítorí ara ọ̀rọ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ ìwé Yorùbá sórí ẹ̀rọ, ìbáà ṣe olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì pípé, gbogbo ìrànlọ́wọ́ yòókù yóò rí ibi dúró sí, ọmọ tí ń kàwé ní Bódìjà yóò sì mọ ìgbà tí ìtàn ń sọ nípa owó àti ìgbà tí ó ń sọ nípa ọwọ̀.