Ilé Míṣọ̀n Àtijọ́: Kí A Tó Gbé Díígà Sí I

Ní ọ̀nà tí ó ti Iléṣà wá sí Àkúrẹ́, ní Ìgbàrà-Òkè àti ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú tí ó yí i ká, ohun kan wà tí kò ṣe àjèjì sí ojú ẹnikẹ́ni mọ́: ilé ìsìn tuntun ń ga sókè, ilé àlùfáà àtijọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń wó lọ. A kò bá ìjọ kankan jà nítorí pé ó kọ́ ilé ńlá fún Olúwa. Ìjọ tí ń pọ̀ sí i kò lè há ara rẹ̀ mọ́ inú ilé tí ó kéré. Ti ilé àlùfáà ni ó ń dùn wá, nítorí òun ni a kọ́kọ́ máa ń wó, bẹ́ẹ̀ òun ni ìtàn ìlú pọ̀ sí jù.

Ẹ jẹ́ kí a mú Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú ń dí mọ́ ìjọba Èkó lójú, ó wá ọ̀nà mìíràn gba ìhà ìlà-oòrùn, àti ní 1872 ó ran àwọn ará Oǹdó lọ́wọ́ kí wọ́n lè padà sí Òde Oǹdó tí ogun ti tú wọn kúrò. Ní 1875 David Hinderer ti Ẹgbẹ́ C.M.S. gba ọ̀nà náà dé ibẹ̀. Òun kan náà ni òun àti Anna aya rẹ̀ ti gbé ní ilé Míṣọ̀n Kúdẹtì ní Ìbàdàn láti 1853, nítorí náà ó mọ ohun tí ilé jẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Ní 1877 Charles Phillips dé, ó sì fi Oǹdó ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀. A yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ó kú ní 1906.

Ilé àlùfáà ayé ìgbà náà kì í ṣe ibi tí a kàn ń sùn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé, ibẹ̀ ni aláìsàn ti ń gba oògùn, ibẹ̀ ni a ti ń bá ìlú ka lẹ́tà tí ó ti Èkó wá. Àwa akọ̀wé, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń kọ orúkọ ajigbèsè yín sínú ìwé, ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí á-bí-dí gbà wọ ìlú. Ní 1886, nígbà tí a ń wá òpin sí ogun Kírìjì, Phillips àti Samuel Johnson ni Gómìnà Moloney rán pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bá àwọn ọba àti àwọn balógun. Àlùfáà Oǹdó ni ó jáde lọ sí ibùdó ogun bẹ́ẹ̀.

Kíkọ́ wọn kò rọrùn. Amọ̀ ni a ń fi ẹsẹ̀ pò, tí a ń mọ ní ìpele kan, tí a sì ń jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ewé gbòdógì ni a ń fi bo ilé kí páànù tó dé. Ẹrù tí ó bá ti Èkó wá a gba orí ọ̀sà dé Àyèsàn. Láti ibẹ̀ dé Oǹdó, orí ènìyàn ni.

Irú ògiri yìí kì í ṣe ògiri ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá méjì. Èkíní ni òrùlé tí ó jò. Èkejì ni sìmẹ́ńtì, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ rò pé ìtọ́jú ni. Amọ̀ a máa mu omi díẹ̀, a sì máa gbẹ padà. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi tí ó gba ojú sísán wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ògiri a máa rọ̀ láti inú nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ yóò wí pé ilé náà ti gbó!

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Míṣọ̀n tí ó wà ní Àgbádárìgì láti 1845 ṣì dúró, àwọn ènìyàn sì ń san owó láti wò ó. Ní Òkè Ìdànrè tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ilé aago wà lára ohun tí a kà mọ́ ààfin Ọwá àti kóòtù àtijọ́ nígbà tí a fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO ní 2007. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìlú ti fi orí òkè sílẹ̀ tipẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó ńlá níbi ìkórè, ẹ béèrè bóyá owó páànù ilé àlùfáà àtijọ́ wà nínú ìṣirò. Ó kéré púpọ̀ sí owó ilé tuntun. Níbi tí wíwó bá sì di dandan, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a wọn ilé náà, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a bi àwọn àgbà ìjọ léèrè ẹni tí ó po amọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí ó la igi àjà rẹ̀, kí a sì kó ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó tí ó wà nínú àpótí ibẹ̀ jáde kí ikán tó dé ọ̀dọ̀ wọn.