Ewéko Aláwọ̀ Fàdákà Etí Òkun

Ẹni tí ó bá kọ́lé sí etí òkun, tí ó sì fẹ́ kí iwájú ilé rẹ̀ tutù lójú, iṣẹ́ ńlá ni ó dáwọ́ lé. Iyanrìn kì í dá omi dúró. Bí òjò ti ń rọ̀ ni ilẹ̀ ń fà á mu. Afẹ́fẹ́ òkun a máa fọ́n omi iyọ̀ sí ara ewé, iyọ̀ a sì jó o bí iná. Nítorí náà koríko tútù kì í pẹ́ níbẹ̀ bí a kò bá ń bu omi sí i nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ omi gan-an ni ohun tí ó sábà máa ń wọ́n.

Ewéko kan wà tí ọ̀ràn yìí kò bà lẹ́rù. Dymondia ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kékeré kan ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, lẹ́bàá Agulhas, ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀. Ní 1953 ni R. H. Compton, ẹni tí ó jẹ́ olórí ọgbà Kirstenbosch ní Cape Town, kọ nípa rẹ̀, tí ó sì fi orúkọ Margaret Dryden-Dymond, obìnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà, sọ ọ́: Dymondia margaretae. Bí a bá wo agbo ilé ńlá tí àwọn onímọ̀ kà á mọ́, ìbátan ewúro ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jọra rárá lójú.

Ewéko náà kì í ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá mọ́, a sì tẹ́ bí ẹní láti ọdún dé ọdún. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, ó pọ́n bí ìyeyè. Ewé rẹ̀ tín-ínrín; òkè rẹ̀ dà bí àwọ̀ ewé tí a ku eérú sí, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ funfun nítorí irun wẹ́wẹ́ tí ó bò ó bí òwú.

Inú irun yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ara ewé ní àwọn ihò tí ojú lásán kò lè rí, tí ó fi ń mí, ibẹ̀ náà sì ni omi ara rẹ̀ ń gbà sá lọ. Irun náà a sé afẹ́fẹ́ díẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé kí ìjì òkun má baà gbá ọ̀rinrin rẹ̀ lọ. Bí ọ̀dá bá wá le, etí ewé a ká sókè, ibi funfun a yọ síta, a sì máa dá ìtànṣán oòrùn padà. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ ń dán bí fàdákà. Àwọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ fún olóko bí òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ tó.

Ní California, níbi tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn bíi ti Cape, ọ̀dá ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ní oṣù kẹrin 2015, Gómìnà Jerry Brown pàṣẹ pé kí àwọn ìlú dín omi tí wọ́n ń lò kù ní ìdá 25 nínú 100. Ọ̀pọ̀ onílé hú koríko wọn, àwọn aláṣẹ omi kan tilẹ̀ ń sanwó fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Dymondia sì wà lára àwọn ewéko tí a ń gbìn dípò rẹ̀. Ní Cape Town fúnra rẹ̀, ọ̀dá le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti oṣù kejì 2018, lítà 50 péré ni a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti lò lóòjọ́. Mímu, sísè, wíwẹ̀ àti fífọṣọ wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò bù níbẹ̀ fún koríko?

Bí a bá fẹ́ gbìn ín, kí a kọ́kọ́ fa èpò tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Bí ó bá ti tẹ́ tán, agbára káká ni èpò fi lè gba inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀ kò lè bá èpò jà. Ibi tí oòrùn ń pa ni ó yẹ ẹ́. Bí omi bá ń dúró lórí ilẹ̀ náà, kí a kọ ebè, nítorí omi tí ó dá rogún a máa jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ rà. Kí ìdí kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó lọ́ra púpọ̀. Aláìnísùúrù kò lè gbádùn rẹ̀. Ohun tí ó sì ń pa á jù ni pé bí àwọn ènìyàn ti gbọ́ pé kò bẹ̀rù ọ̀dá, wọ́n á gbìn ín lónìí, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ní ọdún àkọ́kọ́, a ní láti máa bomi rin ín déédéé, títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi jinlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó, kí omi náà sì wọlẹ̀ dáadáa.

Kò sí pé à ń gé e bí a ti ń gé koríko. Ẹsẹ̀ ẹni tí ń kọjá kò pa á lára, ìdí nìyí tí a fi ń gbìn ín sí àárín òkúta ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò lè gba ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó bá gbilẹ̀, a lè fi ọ̀bẹ gé lára rẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, kí a lọ́ ọ sí ibi tí ilẹ̀ ṣì ṣófo. Báyìí ni ìdí díẹ̀ tí a rà lè fi kárí iwájú ilé láàárín ọdún mélòó kan.