Bí Abẹ́rẹ́ Ṣe Gba Iṣẹ́ Ṣíṣọ́ Màlúù Lọ́wọ́ Ojú

Ẹni tí ó bá ń fi wàrà ṣòwò mọ̀ pé abo màlúù tí kò bímọ kò lè ní wàrà lọ́mú. Nítorí náà, bí ó bá ti bímọ tán, tí ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ fún nǹkan bí 60 ọjọ́, olówó rẹ̀ a máa fẹ́ kí ó tún lóyún. Ní Wisconsin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ tí wàrà jẹ́ oríkì rẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ sì kọ oríkì náà sára nọ́mbà ọkọ̀ wọn, akọ kì í sábà sí láàárín agbo mọ́. Àtọ̀ tí a mú kí ó dì gbagidi ni òṣìṣẹ́ ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé dé ilé ọmọ. Ṣùgbọ́n àkókò tí abo ń wá akọ, èyí tí ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí 21 ọjọ́, nìkan ni èyí ń ṣeé ṣe, àmì rẹ̀ sì ni pé yóò dúró gbọn-in bí abo ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gùn ún.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣọ́ àmì yìí. Ṣùgbọ́n bí wàrà àwọn màlúù Holstein ṣe ń pọ̀ sí i ni àkókò náà ń kúrú, nítorí pé oúnjẹ rẹpẹtẹ tí wọ́n ń jẹ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a sì máa run họ́mọ̀nù tí ìbá mú wọn wá akọ. Wákàtí mélòó kan péré ni, ó sì lè bọ́ sí òru, nígbà tí ẹni tí ó yẹ kí ó rí i ń hanrun.

Ìtàn àtúnṣe ìṣòro yìí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà màlúù. Schally àti Guillemin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí kí wọ́n tó di abánidíje, tí ọ̀kan ń kó ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, tí èkejì ń kó ti àgùntàn jọ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ni wọ́n wá ìdí GnRH, họ́mọ̀nù tí ń ti inú ọpọlọ pàṣẹ kí ẹyin jáde, ní 1971; ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 1977. Láàárín ìgbà kan náà ni a rí i pé èròjà kan tí à ń pè ní prostaglandin ń yọ́ kókó tí ń so sára ilé ẹyin, tí kì í jẹ́ kí màlúù tún wá akọ. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan á wá akọ ní ọjọ́ kejì, òmíràn á di ọjọ́ karùn-ún. Ṣíṣọ́ kò tíì tán.

Ní 1995 ni Richard Pursley, Mee àti Milo Wiltbank, ní yunifásítì Wisconsin tí ó wà ní Madison, so méjèèjì pọ̀: GnRH lónìí, kí ẹyin tí ó wà níbẹ̀ jáde, kí òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, prostaglandin lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí kókó yẹn yọ́, GnRH lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì sí i, kí ẹyin tuntun jáde, àtọ̀ ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí màlúù náà tí ó dúró tàbí kò rí i. Ovsynch ni wọ́n ń pè é. Lójú tèmi, ìdí tí ó fi ṣiṣẹ́ kì í ṣe pé ilé ọmọ dára jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí abo tí a gbójú fò mọ́.

Nígbà tí ó fi máa di 2008, Double-Ovsynch ti dé, abẹ́rẹ́ mẹ́fà fún màlúù kan ṣoṣo. Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára àwọn tí ó rù hangangan lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni oníṣègùn ẹran kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ olówó wọn.