Àkókò tí ó Bá Agbára Ẹni Mu Nínú Eré Marathon

Eré Marathon ni eré-ìje ẹlẹ́sẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Láti oṣù Kejì ọdún 2016 tí wọ́n ti dá ti ìlú Èkó sílẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní pápá ìṣeré ńlá Súrùlérè, tí wọ́n ń gba orí afárá Third Mainland, tí wọ́n sì ń parí rẹ̀ ní Eko Atlantic, kì í ṣe àwọn ará Kẹ́ńyà àti Etiópíà nìkan ni ó ń jáde fún un. Ní ìdájí, kí ọkọ̀ tó kún ojú títì, ènìyàn a máa rí àwọn tí ń sáré yípo àwọn Avenue Festac, a sì máa rí àwọn mìíràn tí wọ́n kọrí sí ìhà Amuwo-Odofin. Púpọ̀ nínú wọn ti sá kìlómítà 10 rí, wọ́n sì mọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbà wọ́n. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni iye wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n fojú sùn bí wọ́n bá fẹ́ sá Marathon.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó bá yan àkókò tí ó ju agbára rẹ̀ lọ yóò fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀, yóò sì ti ná agbára rẹ̀ tán kí oòrùn tó mú. Ìmúra oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lè ti ibẹ̀ bàjẹ́. Elòmíràn a tilẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń gbé kúrò lójú ọ̀nà.

Kí a mú ẹnì kan tí ó fi ìṣẹ́jú 50 sá kìlómítà 10. Ìṣirò àwọn tí ń kánjú ni pé ìṣẹ́jú 5 ni ó fi sá kìlómítà kan, nítorí náà wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 31 ni yóò fi sá Marathon. Irọ́ ni. Ó ń rẹ ènìyàn bí ọ̀nà ti ń gùn sí i, ìyára kìlómítà kìn-ín-ní kò sì lè jẹ́ ti ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n.

Ní ọdún 1977, ọdún náà gan-an tí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú wọ ilé titun ní Festac, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, Pete Riegel, gbé ìlànà kan jáde tí àwọn asáré ṣì ń lò títí di òní. Ó ní bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò yóò ju ìlọ́po méjì lọ díẹ̀: ohun tí ó gba ìṣẹ́jú 100 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 208 àti ààbọ̀. Bí a bá tẹ̀lé e, àkókò kìlómítà 10 ni a ó sọ di ìlọ́po 4.6 kí a tó rí ti Marathon. Ìṣẹ́jú 50 yóò wá di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 50. Ẹni tí ó bá sì fi wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 50 sá ìdajì Marathon yóò bá ara rẹ̀ níbi kan náà, àfi bí ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n ìlànà náà kì í ṣe ìbúra. Haile Gebrselassie ti ilẹ̀ Etiópíà sá mítà 10,000 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 26 àti ìṣẹ́jú-àáyá 23 ní ọdún 1998. Ìlànà Riegel yóò ní kí ó sá Marathon ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21. Èyí tí ó yá jù tí ó sá láyé rẹ̀, ní Berlin ní ọdún 2008, jẹ́ wákàtí 2, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ti Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀. Ìṣẹ́jú 30 àti ìṣẹ́jú-àáyá 1 tí ó fi sá mítà 10,000 ní ọdún 2002 ń tọ́ka sí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 18. Ó sì fi wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25 parí Marathon ti London ní ọdún 2003. Obìnrin yìí a máa sá ju kìlómítà 160 lọ lọ́sẹ̀ kan bí ó bá ń múra.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oṣù, tí ó ń jí wọkọ̀ ní Mile 2, kò ní àyè irú ìmúra bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 lórí àwọn tí kò fi eré sísá ṣiṣẹ́ ṣe fi hàn pé fún nǹkan bí ìdajì wọn, àkókò tí ìlànà Riegel fún wọn yá ju èyí tí wọ́n sá lọ ní ìṣẹ́jú 10, ó kéré tán. Agbára tí oúnjẹ fi pamọ́ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ a máa fẹ́ tán ní nǹkan bí kìlómítà 30 lára ẹni tí kò sá ọ̀nà jíjìn tó nígbà ìmúra. Eré kìlómítà 10 kò lè fi èyí hàn, nítorí kò gùn débẹ̀.

Ooru Èkó tún ń bẹ. Òógùn kì í tètè gbẹ nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún fún ọ̀rinrin, ara kò sì lè tutù bí ó ti yẹ. Ní ọdún 2016, Kenenisa Bekele fi wákàtí 2, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 3 borí ní Berlin ilẹ̀ Jámánì. Ní Èkó ní ọdún kan náà, àkókò Abraham Kiptum tí ó gba ipò kìn-ín-ní ju wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15 lọ. Lóòótọ́, àwọn tí ó sá méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ooru ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ará Festac tí ìlànà bá fún ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 50 fi ìṣẹ́jú 20 kún un bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó ń sáré, kí ó fi ju bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 10 túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 55 fún kìlómítà kan. Kí ó tún rí i pé kìlómítà 10 tí ó gbójú lé pé lóòótọ́: èyí tí a fi ojú díwọ̀n láti Avenue kan sí èkejì kò tó ẹ̀rí. Bí ó bá lè sá ìdajì Marathon ní oṣù kan ṣáájú, èyí ni kí ó fi ṣírò. Ní ọjọ́ eré, kìlómítà 10 àkọ́kọ́ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, àwọn èrò yóò máa kọjá lára rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí ó bá ku kìlómítà 7 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, nígbà náà ni kí ó fi ìyára kún un.