Yíyan Alùpùpù Tí Ó Bá Ni Mu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí kò mọ sórí ilé kíkọ́ nìkan. Ó kan gbogbo ohun tí a bá fẹ́ fi owó wa rà, pàápàá jù lọ ohun tí a ó máa gbé ẹ̀mí ara wa lé. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù. Ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sí ẹni tí kò mọ ìwúlò rẹ̀. Òun ni ó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìletò, òun ni ó ń gbé ẹja láti etí ọ̀sà wá sí ọjà, òun náà ni ó sì ń gbé aláìsàn jáde láti ibi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé. Èyí tí a ń rí jù ni àwọn kékeré tí a ń pè ní ọ̀kadà, orúkọ tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí a dá sílẹ̀ ní 1983.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, irú mìíràn a máa gba ojú ọ̀nà kọjá, ìró rẹ̀ a sì máa mi àyà ẹni tí ó dúró lẹ́bàá títì. Alùpùpù ńlá onísìlíńdà méjì ni, tí a ṣe fún eré sísá, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní páwà-báìkì. Kò sí ọ̀dọ́ tí yóò rí i tí ọkàn rẹ̀ kò ní fà sí i. Ìbéèrè tí ó yẹ kí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bi ara rẹ̀ kì í ṣe pé, “Ǹjẹ́ ó dára?” Ó dára, kò sí àníàní. Ìbéèrè náà ni pé, “Ǹjẹ́ ó bá mi mu?”

Kí a tó lè ṣe ìdájọ́ ohun kan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ alùpùpù ni ihò onírin róbótó kan wà tí a ń pè ní sìlíńdà. Epo àti afẹ́fẹ́ a dàpọ̀ wọ inú rẹ̀, iná a ṣẹ́ sí wọn, wọn a gbiná lójijì, wọn a sì fi agbára ti irin kan tí a ń pè ní písítìnnì sísàlẹ̀. Títì yìí ni ó ń yí ọ̀pá inú ẹ̀rọ, yíyí ọ̀pá náà ni ó sì ń mú kí ṣéènì yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù. Sìlíńdà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kadà ní, ọ̀pá inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a sì máa yí po lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí sìlíńdà bá di méjì, iná yóò ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa iyán gígún. Bí ènìyàn kan bá ń dá iyán gún, àlàfo a máa wà láàárín ìró kan àti èkejì, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gbé ọmọ odó sókè kí ó tó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin méjì bá dúró ti odó kan náà, tí ọ̀kan ń gbé tirẹ̀ sókè bí èkejì ti ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ a yá, iyán a sì tètè kúnná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti sìlíńdà méjì rí. Kì í ṣe ọgbọ́n titun rárá. Ní 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ṣe alùpùpù onísìlíńdà kan ní ilẹ̀ Jámánì; nígbà tí ó sì di 1894, ilé-iṣẹ́ Hildebrand & Wolfmüller ní ìlú Munich ti ń ṣe onísìlíńdà méjì fún títà. Ní 1937, ilé-iṣẹ́ Triumph ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èyí tí wọ́n pè ní Speed Twin jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn púpọ̀. Ní ayé òde òní, Ducati ti ilẹ̀ Ítálì àti Suzuki pẹ̀lú Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáànù wà lára àwọn tí ń ṣe irú rẹ̀.

Ohun tí àwọn tí ó mọ alùpùpù wọ̀nyí fi ń yìn wọ́n ni ipá ìyí wọn. Kí ni ipá ìyí? Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì tí ó ti dípẹtà, tí sípánà rẹ̀ kò sì ràn án, a fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà náà, nọ́ọ̀tì a sì yí. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ipá tí ó ń yí nọ́ọ̀tì ti pọ̀ sí i. Newton-metre ni a fi ń wọn ipá yìí. Ẹyọ kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ipá tí ohun tí ó wọn gíráàmù 100 yóò ní bí a bá so ó mọ́ òpin ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1. Ipá ìyí ẹ̀rọ ọ̀kadà kékeré kò sábà tó 10. Ṣùgbọ́n ti Yamaha YZF-R7, alùpùpù eré sísá onísìlíńdà méjì tí ó jáde ní 2021, jẹ́ 67. Èyí dà bí ẹni pé ohun tí ó wọn nǹkan bíi kílò 7 ni a so mọ́ òpin ọ̀pá náà.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn alùpùpù eré sísá kan ní sìlíńdà mẹ́rin kéékèèké, àwọn wọ̀nyí kì í sì lo agbára wọn tán àfi bí ẹ̀rọ wọn bá ń yí kíkankíkan. Onísìlíńdà méjì kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rọ rẹ̀ tó pariwo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹni tí ó ń gùn ún kò ní máa pààrọ̀ jíà ní gbogbo ìgbà, bí ó bá sì fẹ́ ya ọkọ̀ akóyanrìn sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí ó mọ́ gaara, ọwọ́ díẹ̀ ni yóò yí, yóò sì ti kọjá. Iyì rẹ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n ibi tí iyì rẹ̀ wà náà ni ewu rẹ̀ wà. Agbára tí ó tètè ń dé kò mọ ọwọ́ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọwọ́ ẹni tí kò tí ì mọ̀ ọ́n gùn bá gbọ̀n lórí ilẹ̀ tí òjò ti rin, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè yọ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó náwó: ọ̀nà wa, ara wa, ìmọ̀ wa àti àpò wa.

Èkíní ni ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó gba Ìtòìkín kọjá, mọ̀ pé títì ọlọ́dà ni ó ń tọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé kòtò a máa wà, ọkọ̀ akẹ́rù a máa wà, ewúrẹ́ àti ọmọdé a sì máa sọdá. Bí ó bá sì yà kúrò ní títì lọ sí ìletò, ó di orí yanrìn àti ilẹ̀ pupa, tí ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Alùpùpù eré sísá kò ga nílẹ̀ púpọ̀, ó sì ń mú kí ẹni tí ó gùn ún tẹ̀ síwájú, kí ó gbé ara lé ọrùn ọwọ́. Ojú ọ̀nà tí ó tẹ́jú ni a ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí a rántí eré rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń rin mítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó ń sáré 80 ń rin 22. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá fa ìjánu, ibi tí ẹni kejì yóò lò kí ó tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ewúrẹ́ tí ó fẹ́ sọdá kò sì mọ èyí.

Èkejì ni ara. YZF-R7 tí a mẹ́nu kàn wọn kílò 188, ìjókòó rẹ̀ sì ga ní mìlímítà 835 sílẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á jókòó lé e, kí ó wò bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. Kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tì í sẹ́yìn. Kí ó bi ara rẹ̀ bóyá òun nìkan lè gbé e dìde bí ó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀nà Àgbọ̀wà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé bí ẹṣin bá dá ni, a ń tún un gùn ni; ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí alùpùpù dá ni ó ń dìde gùn ún mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 17 kò lè gba àṣẹ láti gun èyí tí ó ju 125cc lọ. Bí ó bá pé ọdún 19, ó lè gba àṣẹ èyí tí agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì 35 lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì lórí ìyẹn ni ó tó lè ṣe ìdánwò fún àwọn ńlá. Ẹni tí kò bá gba ọ̀nà yìí yóò dúró títí yóò fi pé ọdún 24. Agbára YZF-R7 ju kílówáàtì 50 lọ. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ṣe òfin náà. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ a máa kọ́ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti pé àṣìṣe tí alùpùpù kékeré lè fi jini, ńlá kì í sábà fi jini.

Ẹ̀kẹrin ni àpò. Owó tí a fi ra alùpùpù kọ́ ni òpin ìnáwó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ owó epo kúrò ní 2023 ni gbogbo ènìyàn ti mọ iye tí lítà kan ń náni. Iye epo tí yóò gbé ọ̀kadà kékeré lọ sí Ẹ̀pẹ́ tí yóò sì gbé e padà lè má ju èyí tí alùpùpù ńlá yóò lò ní àlọ nìkan. Kò sí ibi tí a kò ti lè rí ẹni tí yóò tún ọ̀kadà ṣe, ṣùgbọ́n táyà àti ohun èlò onísìlíńdà méjì kì í sí lọ́wọ́ gbogbo mẹkáníìkì. Kí a sì má gbàgbé akoto, ìbọ̀wọ́, bàtà gíga àti aṣọ tí ó nípọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi dandan lé òfin akoto, àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá dé orí kí owó má baà jáde lápò wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n igbá kì í gba orí sílẹ̀.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a gbé ènìyàn mẹ́ta yẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé ní Ìkòròdú, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti gun alùpùpù kékeré fún ọ̀pọ̀ ọdún, títì ọlọ́dà nìkan ni ó ń tọ̀, kì í gbé ẹrù, ó sì ní owó ìtọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Onísìlíńdà méjì lè bá a mu, yóò sì gbádùn rẹ̀. Ẹnì kejì ń ra ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ó ń kó o lọ sí àwọn ìletò. Kò bá a mu. Ọ̀kadà tí ó ní àyè ẹrù, tí ó sì lè la ẹrẹ̀ kọjá ni tirẹ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ ọdún 18 tí kò tí ì gun alùpùpù rí, tí ìró ẹ̀rọ náà wù gidigidi. Ti ẹni yìí ni ó gba ọgbọ́n jù, nítorí pé a kò lè sọ pé kò bá a mu. Ohun tí a lè sọ ni pé àkókò rẹ̀ kò tí ì tó. Kí ó ra kékeré, kí ó fi kọ́ ìjánu fífà, kọ́nà yíyà àti sùúrù, kí ó sì máa fi owó pamọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Alùpùpù náà yóò ṣì wà ní ọjà nígbà tí ó bá tó o gùn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí òun náà wà láàyè láti rà á.