Kóńgò kì í sọ bí ẹ̀wà ṣe wúwo tó, ibẹ̀ ni owó alákàrà ń gbà lọ

Àwọn alákàrà, ọlọ́mọ́ínmọ́ín àtàwọn onílé oúnjẹ tí apá wọn kò ká odidi àpò, kóńgò ni wọ́n fi ń ra ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà n'Íbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ àyè tí ẹ̀wà gbà nínú agolo nìkan ni kóńgò ń sọ, kò sọ bó ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwúwo rẹ̀ ló ń sọ iye àkàrà tó máa jáde níbẹ̀.

Omi lèèyàn lè fi mọ bí kóńgò ṣe tóbi tó. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí wọ́n bá da ẹ̀wà gbígbẹ sínú ohun tó gba lítà kan, kò ní wúwo tó bẹ́ẹ̀, nítorí àlàfo wà láàárín hóró kan sí èkejì; bíi gíráàmù 750 sí 800 ló sábà máa ń jẹ́. Kóńgò tó bá gba omi lítà méjì yóò gba ẹ̀wà bíi kílò 1.5 sí 1.6, bí wọ́n bá fọwọ́ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Òkìtì tí ìyá ọlọ́jà ń kó lé e kò sí nínú ìyẹn.

Gbogbo kóńgò kọ́ ló dọ́gba, kálukú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́jà kan wà tí wọ́n ti lu ìdí tiwọn wọnú. Èyí tí ojú kì í tètè rí ni ẹ̀wà tí kòkòrò ti dá lu: ó ṣì máa kún kóńgò dáadáa, àmọ́ inú rẹ̀ ti ṣófo, ó ti fúyẹ́. Ẹ̀wà tuntun tí kò tíì gbẹ tán ní tiẹ̀ máa wúwo lórí sikéèlì, ṣùgbọ́n omi ni wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Ká ní ₦1,500 ni kóńgò kan, tí alákàrà sì ń ra mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kílò 1.35 dípò 1.5, kílò kan ààbọ̀ ló ti sọnù lọ́sẹ̀ yẹn, odidi kóńgò kan nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 52, ó di ₦78,000. Owó yẹn kò ní hàn níbì kankan. Ohun tí obìnrin náà á kàn máa sọ ni pé ẹ̀wà ìsinsìnyí kì í pọ̀ mọ́ téèyàn bá lọ̀ ọ́ tán.

Ẹni tó bá ní sikéèlì kékeré lè wọn kóńgò kan nígbàkigbà tó bá ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tuntun, kó sì fi iye kílò tó bá níbẹ̀ pín owó tó san. Iye owó kílò kan yẹn ló yẹ kó fi wé ti ọlọ́jà mìíràn.

Àwọn tó ń gba iṣẹ́ oúnjẹ òde ìnáwó náà ní tiwọn. Ife tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ sínú ìlànà oúnjẹ wọn kì í ṣe agolo mílíìkì wa o. Ó gba bíi mílílítà 240, ẹ̀wà olójú dúdú gbígbẹ tó máa kún un jẹ́ bíi gíráàmù 170 sí 180.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ra àpò wá tà ní kóńgò pẹ̀lú. Ká ní ₦90,000 ló ra àpò 100 kílò. Bó bá ń ta kílò 1.5 ní ₦1,500, kóńgò 66 ló máa rí, ìyẹn ₦99,000. Bí òkìtì bá sọ ọ́ di 1.6, kóńgò 62 péré ló máa jáde, ₦93,000. ₦3,000 tó lé yìí náà ló máa fi sanwó mọ́tò àti alábàárù.